Bí Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣe Túmọ̀ Ewì Abẹ́ Abọ́

Bí ẹ bá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pé òjò ń rọ̀, ìbéèrè méjì ni yóò bi yín. Àkọ́kọ́, ẹ̀rí dà? Èkejì, kí ni òjò náà dúró fún? Kí ẹ tó dáhùn èkejì tán, gbogbo aṣọ tí ẹ sá sórí okùn ti rin gbingbin.

Tíṣà ni. Àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá nílé ìwé girama ló ń kọ́, nǹkan méjì ló sì ń kọ́ wọn: bí a ṣe ń kọ ìwé ìwádìí, àti bí a ṣe ń tú ewì palẹ̀. Àwọn ọmọ náà ti fún un lórúkọ, Ẹ̀rí-Dà ni wọ́n ń pè é. Ó mọ̀ pé orúkọ òun nìyẹn, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i. Èmi ni àbúrò rẹ̀ obìnrin. Èmi ni akọ̀wé ọ́fíìsì ilé ìwé náà, èmi ni mò ń tẹ ìbéèrè ìdánwò tí mo sì ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ògiri kan ṣoṣo ló sì la ilé mi àti ilé rẹ̀ láàárín. Mò ń rí i níbi iṣẹ́, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nílé. Bí Ọlọ́run bá fẹ́ kọ́ ènìyàn ní sùúrù, irú ibi tó máa ń fi í sí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìwádìí. Nínú kíláàsì ẹ̀gbọ́n mi, kò sí gbólóhùn tó gbọdọ̀ dá dúró, àfi kó fara ti ẹnì kan. Bí ọmọ kan bá kọ ọ́ pé oòrùn máa ń là láàárọ̀, bírò pupa á ti fa ìlà sábẹ́ rẹ̀: "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Àwọn ọmọ ti wá gbọ́n. Wọ́n á kọ ọ́ pé, "Gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ti sọ nígbà tó ń fọ eyín lẹ́yìnkùlé, oòrùn máa ń là láàárọ̀," wọ́n á sì gba máàkì pé. Yàrá ìkàwé tó yẹ kí wọ́n ti wá ẹ̀rí gidi, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù látìgbà tí ọ̀gá àgbà tó ṣáájú ti fẹ̀yìn tì. Nítorí náà, ọmọ tó jókòó lápá ọ̀tún á tọ́ka sí èyí tó jókòó lápá òsì, tapá òsì náà á tọ́ka sí tapá ọ̀tún padà, ẹ̀gbọ́n mi á sì ní inú òun dùn pé àwọn méjèèjì ní orísun tó dájú.

Ti ewì ló wá burú jù. Ìpìlẹ̀ kan ṣoṣo ló gbé gbogbo ewì kà: ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ. Ó kọ ọ́ sí òkè pátákó ìkọ̀wé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ nù ún kúrò. Nínú ewì tirẹ̀, ẹyẹ kì í ṣe ẹyẹ, odò kì í ṣe odò. Bí akéwì bá ní òùngbẹ ń gbẹ òun, òmìnira ló ń wá. Ọmọ tó bá kọ ọ́ pé omi ló ń wá, òdo ni yóò gbà. Àwọn ọmọ ti há gbogbo rẹ̀ sórí. Ohun tó bá dúdú, ikú ni. Ohun tó bá funfun, ikú náà ni, ṣùgbọ́n kò tíì dé. Ohunkóhun tó bá ní ilẹ̀kùn, ìjọba ni. Ọmọ tó bá mọ èyí tán lè gba máàkì tó dáa láì ka ewì rárá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í sì í kà á.

Mi ò sọ pé ẹ̀gbọ́n mi kò dáa o. Kì í mutí, kì í sọ̀rọ̀ òdì sí ènìyàn, kò na ọmọ ọlọ́mọ rí. Ó máa ń tètè dé ibi iṣẹ́, bàtà rẹ̀ máa ń dán. Ọ̀rọ̀ nìkan ni kì í wọ̀ ọ́ létí, àyàfi tí wọ́n bá kọ ọ́ sórí ìwé gbé e síwájú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló sì ń jìyà èyí.

Aránṣọ ni ìyàwó wa. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pálọ̀ ni maṣíìnì rẹ̀ wà, téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, bó bá sì ń ṣiṣẹ́, ẹ ó bá abẹ́rẹ́ olórí kékeré bíi mélòó kan láàárín ètè rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa, Eyínfúnjowó ló ń pè mí, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó gidi ti ń ṣe fún àbúrò ọkọ. Eyín mi kò funfun tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò bá a jiyàn rí. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin, ti wà nílé ọkọ. Ilé náà wá ku àwọn méjèèjì àti òkìtì ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé lórí tábìlì oúnjẹ.

Mo rántí ìgbà tí ibà ń ṣe obìnrin yìí. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ara òun gbóná. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbójú sókè. Ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ìyàwó wa ní ara òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ara ènìyàn kì í ṣe orísun tí a lè gbára lé, kó wá ẹlòmíràn kún un. Inú ilé mi ni mo wà tí mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ látẹ̀yìn ògiri. Obìnrin náà wá kanlẹ̀kùn mi, mo gbọ́wọ́ lé e níwájú orí, ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. A wọ takisí, ó di ilé ìwòsàn. Nígbà tí a padà dé, ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń máàkì. Ó bi wá pé níbo la ti ń bọ̀. Ká ní àbúrò mi ni, ǹ bá ti gbá a létí.

Ohun tó wá fa wàhálà ni pé ẹ̀gbọ́n ìyàwó wa obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní ìlú kejì, ibi tí wọ́n ti ń rán aṣọ ilé ìwé. Ó ránṣẹ́ pé kí àbúrò òun wá máa bá òun ṣe ọ̀gá lórí àwọn òṣìṣẹ́. Ìyàwó wa fẹ́ lọ, kò sì fẹ́ lọ. Ohun tó ń wá kò ju kí ọkọ rẹ̀ jókòó, kí wọ́n jọ sọ ọ́, kí ọkùnrin náà sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó di ẹ̀yìn ìdánwò. Ìdánwò parí, ó ní ó di ẹ̀yìn máàkì. Máàkì parí, ìwádìí bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ilé ìwé sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, ìsinmi ò ní í sí láyé yìí.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ìyàwó wa wá bá mi ní ìdí sítóòfù mi. Ó fa àpótí ìjókòó, ó jókòó, kò tilẹ̀ tú téèpù ọrùn rẹ̀.

Ó ní, "Eyínfúnjowó, mo ti rí ìdí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ ní ìlà ìlà nìkan lẹ̀gbọ́n yín ń gbọ́. Èmi náà ti kọ tèmi ní ìlà ìlà."

Mo bi í pé kí ló kọ.

"Mo kọ ọ́ pé mò ń lọ ní Sátidé. Mo kọ ọ́ pé bí wọ́n bá fẹ́ kí n dúró, kí wọ́n sọ. Mo ti fi sábẹ́ abọ́ oúnjẹ wọn. Bí wọ́n bá lè la ẹnu wọn pé kí n dúró, kódà kí wọ́n fi ìbínú sọ ọ́, n ò lọ mọ́."

Mo ní kí n lọ sọ fún un lójú ẹsẹ̀. Ó di apá mi mú.

"Ẹ má sọ fún wọn o. Bí ẹ bá sọ fún wọn, ẹ̀yin lẹ gbọ́, kì í ṣe àwọn. Ẹ bá mi pa á mọ́ra di Sátidé."

Mo ṣèlérí fún un. Ìlérí náà ká mi lára ju bí mo ṣe rò lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n tó tan kọ̀ǹpútà, ẹ̀gbọ́n mi ti wọ ọ́fíìsì mi. Ó mú ìwé kan dání, ó gbé e bí ẹni gbé ẹyin. Ojú rẹ̀ ń dán. Mo ní, ọpẹ́ o, ó ti kà á.

Ó ní, "Bá mi tẹ èyí, kí o ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kárí kíláàsì. Ọmọ kan wà láàárín àwọn ọmọ yẹn tí orí rẹ̀ pé, tó fi ewì yìí pamọ́ sáàárín ìwé tí mò ń máàkì. Kò kọ orúkọ sí i. Ìrẹ̀lẹ̀ nìyẹn."

Mo gba ìwé náà. Ohun tí mo kà nìyí:

Mo ti di aṣọ mi sínú àpótí,
Àpótí ọ̀hún wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Oúnjẹ yín ti tutù nínú abọ́.
Mo pè yín títí, ẹ ní kí n dúró;
Mo dúró títí, ẹsẹ̀ ń ro mí.
Ní Sátidé, tí oòrùn bá ti là,
Màá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.
Bí ẹ bá fẹ́ kí n dúró, ẹ sọ.

Mo bi í pé níbo gan-an ló ti rí i. Ó ní abẹ́ abọ́ oúnjẹ òun ni, ó ṣeé ṣe kó yọ́ bọ́ láti inú òkìtì. Mo bi í bóyá ó jẹ oúnjẹ náà. Ó ní rárá, ó ti tutù.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀gbọ́n mi yìí mọ ìkọ̀wé gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀. Bí ẹnì kan bá bá ẹlòmíràn kọ iṣẹ́ àmúrelé, yóò mọ̀ ọ́n láti ara bí wọ́n ṣe kọ lẹ́tà kan. Ṣùgbọ́n ìkọ̀wé obìnrin tó ti ń bá a gbé látìgbà tí irun wà lórí rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Ti ẹ̀gbọ́n mi, odindi ni wọ́n sọ fún un, ìgbà tó dénú rẹ̀ ló di ààbọ̀. Mo tẹ ewì náà. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Inú ń bí mi débi pé mo tẹ orí ẹ̀rọ náà bí ẹni ń tẹ ọrùn ènìyàn.

Ní ọjọ́ kejì, mo kó àwọn ẹ̀dà náà lọ sí kíláàsì rẹ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ dúró lẹ́yìn, mo ń ṣe bí ẹni ń ka ìwé tó kù. Ẹ̀gbọ́n mi ti yọ kóòtù, ó ká apá aṣọ sókè. Ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà kìíní. Ó ní àpótí yìí, pósí orílẹ̀-èdè ni. Aṣọ inú rẹ̀ ni àwọn ìlérí tí wọ́n ṣe fún ará ìlú. Oúnjẹ tó tutù ni ètò ẹ̀kọ́ tí àwọn aláṣẹ pa tì. Ẹsẹ̀ tó ń ro akéwì, ìtàn ni, torí ìtàn ló ń rìn jù láyé. Sátidé ni òpin ayé, nítorí òun ló gbẹ̀yìn ọ̀sẹ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní "ẹ̀gbọ́n mi" tí akéwì ń lọ bá, ikú ni, torí ikú ti wà kí gbogbo wa tó dé.

Ọmọkùnrin kan nawọ́. "Ilẹ̀kùn ńkọ́, sà?"

Kò tíì dáhùn tí gbogbo kíláàsì fi gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ìjọba!"

"Ẹ̀yin ọmọ dáadáa," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ẹ sì kíyè sí i pé akéwì ń sọ pé 'ẹ', kò sọ pé 'o'. Kì í ṣe ẹnì kan ló ń bá wí. Gbogbo aráyé ni."

Gbogbo aráyé. Obìnrin tó jẹ́ pé "ẹ" ló fi ń bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Jẹ́jẹ́, nítorí kì í sọ̀rọ̀ sókè. Òun náà nawọ́, ó dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo rò pé ìyàwó ilé kan ni. Ó fẹ́ kúrò nílé, ṣùgbọ́n kò wù ú kó lọ. Ó ń retí kí ọkọ ẹ̀ sọ̀rọ̀ ni."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín músẹ́, irú èyí tí a ń rín sí ẹni tó ṣubú tí kò fara pa. "Ẹ̀rí dà?"

"Ó sọ ọ́ ni, sà."

"Èyí tó sọ nìyẹn. Èwo ló ní lọ́kàn?"

"Èyí tó sọ náà ni, sà."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó jókòó, ó ní ẹ̀fà ló rí, kó lọ wá eéje lọ sílé. Ó wá ní kí gbogbo wọn kọ ìtumọ̀ ewì náà sílẹ̀, kí wọ́n sì tún ṣe ìwé ìwádìí lé e lórí. Nígbà tí ó dá ìwé ìtumọ̀ wọn padà, máàkì mẹ́ta nínú ogún ni Jẹ́jẹ́ gbà, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "O kò wọ inú rẹ̀ lọ." Èmi ni mo kọ máàkì yẹn sílẹ̀ ní ọ́fíìsì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n tú ewì náà palẹ̀, ìyàwó wa pè mí lójú fèrèsé. "Ṣé wọ́n ti kà á?"

Mo ní, "Wọ́n ti kà á. Gbogbo kíláàsì ló ti kà á."

"Kí ni wọ́n wá sọ?"

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù, ikú ni. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó di orí maṣíìnì mú, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín mọ́. Mo fẹ́ wọlé lọ bá a, ó ní kí n jẹ́ kí òun parí kọ́là tó wà lọ́wọ́ òun.

Mo gbìyànjú o. Ìlérí ni mo ṣe pé mi ò ní sọ, mi ò ṣèlérí pé mi ò ní tọ́ka. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ ti ń lọ sópin, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi nídìí tábìlì rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kí ẹ lọ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá yín."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ẹ ṣáà lọ wò ó."

Ó dìde lóòótọ́. Mo gbọ́ bí ilẹ̀kùn ṣe ké, mo gbọ́ bí ó ṣe ṣí ìdérí nǹkan kan. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo ti ń dúpẹ́ nínú mi. Ìgbà tó máa padà dé, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Ó ní, "Àbúrò mi, o ṣeun. O kò mọ ohun tí o ṣe fún mi. Àpótí wà níbẹ̀ lóòótọ́! Aṣọ sì wà nínú rẹ̀! Ìyẹn ni pé ewì yìí kò parọ́, kò sí ilé tí kò dé. Mo ti rí ẹ̀rí nínú ilé ara mi."

Ó jókòó, ó fa bírò yọ, ó kọ ọ́ mọ́ àwọn orísun ìwádìí tirẹ̀ lórí ewì náà: "Ìwádìí tí èmi fúnra mi ṣe lẹ́yìn ilẹ̀kùn." Mo wò ó, mo wo òkè àjà. Mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀ kó gbé mi kúrò níbẹ̀.

Ní ti Sátidé yìí, ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló mú un. Ọjọ́ tí wọ́n máa ń ka ìwé ìwádìí wọn sétígbọ̀ọ́ àwọn òbí, ó lè bọ́ sí ọjọ́ èyíkéyìí, ṣùgbọ́n ó ní kò sí ọjọ́ mìíràn tó bá ewì yìí mu. Wọ́n to àga sí gbọ̀ngàn ilé ìwé. Wọ́n so gbohùngbohùn mọ́ òrùlé, ó ń ké sí gbogbo àdúgbò títí dé ilé wa. Ọ̀gá àgbà wa, ìyá kan tó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì, jókòó síwájú, ó ń tòògbé díẹ̀díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣe rẹ̀. Ó di dandan kí èmi wà níbẹ̀ láti máa kọ máàkì. Kí n tó jáde nílé, mo ti rí ìyàwó wa tó wọ bàtà ìrìn àjò, tó jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Oòrùn ti là. Mo bi í pé ṣé kò tíì lọ. Ó ní òun á tún dúró díẹ̀ sí i.

Àwọn ọmọ kà títí. Ọ̀kan lọ bi káfíńtà nípa àpótí, ó fi odindi ojú ewé kan ṣàlàyé oríṣi ìṣó. Ọ̀kan bi ìyá rẹ̀ ìdí tí oúnjẹ fi ń tutù, ìyá náà sì wà láàárín èrò, inú rẹ̀ ń dùn pé wọ́n dárúkọ òun bí ìwé. Lẹ́yìn wọn ni ẹ̀gbọ́n mi bọ́ síwájú. Ó di ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ mú, ó tún ìtumọ̀ ẹsẹ̀ àti ti oúnjẹ sọ kí ó tó kan àpótí.

Ó ní, "Ẹ̀yin òbí, ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ inú ewì, inú ewì ló mọ. Rárá o. Nínú ilé èmi gan-an, mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo bá àpótí kan níbẹ̀. Mo ṣí i. Aṣọ ló kún inú rẹ̀ bámúbámú."

Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Ọ̀gá àgbà lajú.

"Tíṣà," ni ọ̀gá àgbà wí, "aṣọ ta ni?"

"Aṣọ ìyàwó mi ni, Mà."

Àwọn ọmọ tó ń yọ ara wọn lẹ́nu lẹ́yìn gan-an na ọrùn sókè.

"Ìyàwó yín ọ̀hún dà?"

"Ó wà nílé, Mà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo ọ̀gá àgbà, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó wá wo ibi tí Jẹ́jẹ́ jókòó sí. Ọmọ náà tẹrí ba, ojú ń tì í bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wọ ẹ̀gbọ́n mi lára, láti orí ìlà kìíní títí dé ìlà tó kẹ́yìn, mo sì káàánú rẹ̀, mi ò purọ́. Ó gbé ẹ̀rọ náà lélẹ̀. Ó sáré jáde láì mú kóòtù, èmi náà sì sáré tẹ̀lé e. Ọkùnrin tó jẹ́ pé kì í sáré bí aago bá tilẹ̀ lù.

Takisí ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó wa dúró tì í, àpótí wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, awakọ̀ ń ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀. Wọ́n ti fi aṣọ bo maṣíìnì, wọ́n ti gbé e sórí ìjókòó ẹ̀yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó nàka sílẹ̀. "Ìyàwó, kí lèyí?"

"Àpótí ni, Tíṣà."

Awakọ̀ wo àwọn méjèèjì, ó yáa lọ dúró níwájú ọkọ̀.

"Má lọ," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Kí ni ìtumọ̀ ẹ̀?"

"Kò ní ìtumọ̀. Pé kí o má lọ ni."

Obìnrin náà wò ó. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn dé ibi tó ń lọ. Ojú rẹ̀ rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kúrò lára ọkọ̀. Mo ti ń sún mọ́ àpótí náà, kí n lè tètè gbé e wọlé kí ẹnikẹ́ni tó yí ọkàn padà. Ṣùgbọ́n ó mi orí.

Ó ní, "Tíṣà, oòrùn là, mi ò lọ. Mo ní bóyá ẹ ń bọ̀. Mo jókòó síbí pẹ̀lú ẹrù mi, mo wá ń gbọ́ ohùn yín nínú gbohùngbohùn yẹn. Ẹ ń ṣàlàyé mi fún gbogbo àdúgbò. Ẹ ṣàlàyé ẹsẹ̀ mi, ẹ ṣàlàyé oúnjẹ tí mo sè. Àwọn tó ń kọjá ń dúró gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ èmi rèé ní ìtòsí ibẹ̀, kò sẹ́ni tó wá bi mí."

Ó fọwọ́ pe awakọ̀. Wọ́n gbé àpótí náà sẹ́yìn ọkọ̀. Ó dì mọ́ mi, ó ní kí n máa fojú sí oúnjẹ ẹ̀gbọ́n mi. Ó kí ọkọ rẹ̀ pé ó dàbọ̀, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ fún un bó ti máa ń ṣe, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó lọ.

Láti ìgbà náà, nǹkan ti yí padà ní kíláàsì, ṣé ẹ mọ àwọn ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi pa mẹ́ta Jẹ́jẹ́ rẹ́, ó kọ ogún sí i. Gbogbo àwọn yòókù rí i, wọ́n sì fi í ṣọgbọ́n. Ewì tó tẹ̀ lé e, àgbàdo ló dá lé lórí, láti orí gbígbìn títí dé orí kíkó. Èyí tó pọ̀ jù nínú kíláàsì kọ ọ́ pé ìyàwó akéwì ti kó ẹrù jáde nílé. Ọ̀kan tilẹ̀ fi kún un pé kí ọkọ tètè lọ bẹ̀ ẹ́, ó tọ́ka sí èmi gẹ́gẹ́ bí orísun rẹ̀.

Ìyàwó wa wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, iṣẹ́ ń lọ déédéé. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń lọ kí i lópin ọ̀sẹ̀. Ó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, mo sì gbọ́ pé ó máa ń bi í léèrè nípa aṣọ tó ń rán, tó sì máa ń dúró gbọ́ ìdáhùn. Wọn kò tíì sọ ti pípadà. Lọ́jọ́ kan ó wá bá mi lọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Bá mi bẹ ìyàwó rẹ. Bó bá ń padà bọ̀, bí kò sì padà bọ̀ mọ́, kó má kọ ọ́ sílẹ̀ o. Kó sọ ọ́ sí mi létí."

Mo lọ jíṣẹ́ náà. Ìyàwó wa yọ àwọn abẹ́rẹ́ ẹnu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gún wọn mọ́ ìrọ̀rí kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Eyínfúnjowó, ẹ sọ fún wọn pé kò sí ìlà kan nínú ohun tí mo kọ yẹn tí mi ò tíì fi ẹnu mi sọ rí. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì yẹn ni mo dúró sí tí mo sọ gbogbo ẹ̀."

Mo padà sílé, mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, mi ò yọ, mi ò fi kún un. Mo rò pé yóò jiyàn. Ó jókòó síwájú òkìtì ìwé rẹ̀, kò fọwọ́ kan bírò.

Ó ní, "Òótọ́ ló sọ. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ nígbà yẹn. Mo kàn rò pé kò ní í lọ ni."